Ta Ló Yan Áàpù Inú Fóònù Yín?

Bí ènìyàn bá ra fóònù tuntun ní ọjà Àjàṣẹ́, ní Kétu tàbí ní Ṣábẹ̀ẹ́, tó sì tàn án fún ìgbà àkọ́kọ́, yóò rí i pé fóònù náà kò ṣófo. Àwọn àwòrán kéékèèké ti wà lójú rẹ̀. Ọ̀kan wà fún wíwá nǹkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀kan wà fún wíwo fídíò. Ọ̀kan ń fi ọ̀nà han ni. Òmíràn ń gba lẹ́tà. Áàpù ni orúkọ tí ayé ń pè wọ́n.

Ẹni tó ra fóònù kọ́ ló fi wọ́n síbẹ̀. Ẹni tó tà á lọ́jà náà kọ́. Ta ló wá fi wọ́n síbẹ̀? Kí ló dé tí áàpù ilé-iṣẹ́ kan náà fi wà nínú fóònù tí ilé-iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ṣe?

Ìbéèrè yìí dà bí ohun kékeré. Ṣùgbọ́n ó ti gbé díẹ̀ nínú àwọn ilé-iṣẹ́ tó lówó jù láyé dé iwájú adájọ́, ní Amẹ́ríkà, ní Yúróòpù, ní Rọ́ṣíà àti ní Íńdíà. Ó ti lé ní ọdún 25 tí wọ́n ti ń fa ọ̀rọ̀ náà. Ẹ jẹ́ ká tò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Òfin tó ń ṣọ́ ọjà

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fi ọjà ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ọkùnrin kan ló ni gbogbo ìsọ̀ inú ọjà kan. Ó sọ fún àwọn tó ń ta ẹja pé: «Mi ò ní gba owó ìsọ̀ lọ́wọ́ yín. Ṣùgbọ́n iyọ̀ tèmi ni kí ẹ gbé síwájú. Bí ẹ bá kọ̀, ẹ kó ẹrù yín kúrò.» Àwọn ẹlẹ́ja gbà, nítorí wọ́n fẹ́ ìsọ̀. Iyọ̀ ẹlòmíràn lè dára ju tirẹ̀ lọ. Owó rẹ̀ sì lè má pọ̀ tó tirẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà kò ní rí i. Bó bá pẹ́, àwọn oníyọ̀ yòókù á kógbá sílé. Nígbà náà, ọlọ́jà yìí á lè bu iye lé iyọ̀ bó ṣe wù ú.

Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ló ní òfin tó ń dènà irú èyí. Òfin náà kò sọ pé kí ọjà ẹnìkan má tà ju ti ẹlòmíràn lọ. Bí iyọ̀ ènìyàn bá dára, tí gbogbo ayé ń rà á, kò jẹ ẹ̀bi. Ohun tí òfin kọ̀ ni kí ẹni tó ti lágbára lo agbára náà láti fi ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn yòókù.

Amẹ́ríkà ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1890. Òfin Sherman ni wọ́n ń pè é. Ní ọdún 1911, ilé ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀ lo òfin náà láti fọ́ ilé-iṣẹ́ epo Standard Oil, ti John D. Rockefeller, sí ilé-iṣẹ́ 34. Òfin tí wọ́n fi mú ilé-iṣẹ́ epo ní ayé àtijọ́ ni wọ́n tún padà fi mú àwọn tó ń ṣe kọ̀ǹpútà àti fóònù.

Microsoft àti Netscape

Orí kọ̀ǹpútà ni ìjà náà ti bẹ̀rẹ̀, kí fóònù ìgbàlódé tó dé. Ilé-iṣẹ́ Microsoft, tí Bill Gates àti Paul Allen dá sílẹ̀ ní ọdún 1975, ló ṣe Windows. Windows ni ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà. Òun ló ń mú kí ẹ̀rọ náà ṣe ohun tí a bá ní kó ṣe. Ní ọdún 1995, Windows ló wà nínú èyí tó pọ̀ jù nínú kọ̀ǹpútà tí àwọn ènìyàn ń rà.

Ní òpin ọdún 1994, ilé-iṣẹ́ kékeré kan tó ń jẹ́ Netscape gbé aṣàwákiri kan jáde. Aṣàwákiri ni ilẹ̀kùn tí à ń gbà wọ íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tí kò bá ní i kò lè ka àwọn ojú ewé tó wà níbẹ̀. Aṣàwákiri Netscape yára gbayì. Ẹ̀rù ba Microsoft. Wọ́n rí i pé bí gbogbo ayé bá ń gba ilẹ̀kùn Netscape wọlé, ó lè dé ọjọ́ kan tí Windows kò ní jẹ́ dandan mọ́.

Ní ọdún 1995, Microsoft gbé aṣàwákiri tirẹ̀ jáde. Internet Explorer ni orúkọ rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n fi fúnni. Lẹ́yìn náà, wọ́n so ó mọ́ Windows. Wọ́n sì sọ fún àwọn tó ń ṣe kọ̀ǹpútà pé wọn kò gbọ́dọ̀ yọ ọ́ kúrò. Ẹni tó bá ra kọ̀ǹpútà, ilẹ̀kùn Microsoft ló kọ́kọ́ ń rí. Ọ̀pọ̀ kò wá ilẹ̀kùn mìíràn mọ́.

Ní ọjọ́ 18 oṣù karùn-ún ọdún 1998, ìjọba Amẹ́ríkà àti ìpínlẹ̀ 20 gbé Microsoft lọ sí ilé ẹjọ́. Ní oṣù kẹfà ọdún 2000, adájọ́ Thomas Penfield Jackson pàṣẹ pé kí wọ́n pín Microsoft sí méjì. Microsoft pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ní ọdún 2001, àwọn adájọ́ tó ga jù ú lọ fagi lé pípín náà. Ṣùgbọ́n wọ́n gbà pé Microsoft ti rú òfin. Níkẹyìn, Microsoft àti ìjọba ṣe àdéhùn pé àwọn tó ń ṣe kọ̀ǹpútà lè gbé iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ mìíràn síwájú bí wọ́n bá fẹ́.

Netscape kò dúró títí di ọjọ́ náà. Ilé-iṣẹ́ mìíràn, AOL, ti rà á ní ọdún 1999. Ẹjọ́ ọjà máa ń pẹ́. Ẹni tí wọ́n tì síta lè ti kógbá sílé kí adájọ́ tó sọ̀rọ̀.

Yúróòpù náà dìde sí Microsoft. Ní ọdún 2004, wọ́n bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 497 yúrò lé e. Iye náà jẹ́ nǹkan bí bílíọ̀nù 326 fráǹkì CFA. Lára ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni pé ó so ohun èlò tó ń gbé orin àti fídíò jáde mọ́ Windows. Ní ọdún 2009, Microsoft tún ṣèlérí pé òun yóò fi ojú ewé kan han àwọn ará Yúróòpù, níbi tí wọn yóò ti yan aṣàwákiri tí wọ́n fẹ́. Nígbà tó yá, ojú ewé náà kò hàn mọ́ fún nǹkan bí mílíọ̀nù 15 ènìyàn. Ní ọdún 2013, wọ́n gba mílíọ̀nù 561 yúrò mìíràn lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí ìlérí tí kò mú ṣẹ.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe dé orí fóònù

Larry Page àti Sergey Brin ló dá Google sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1998. Iṣẹ́ tí wọ́n fi mọ̀ ọ́n ni bíbá ènìyàn wá nǹkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ ó kọ ọ̀rọ̀ kan, Google á sì kó àwọn ojú ewé tó jọ mọ́ ọn jáde. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó béèrè. Ọwọ́ àwọn tó ń polówó ọjà ló ti ń gba owó. Bí àwọn tó ń béèrè bá ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni owó ìpolówó ń pọ̀ sí i. Ẹ fi èyí sọ́kàn. Òun ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà.

Ní ọdún 2005, Google ra ilé-iṣẹ́ kékeré kan tó ń jẹ́ Android. Ní ọdún 2007, Apple gbé fóònù iPhone jáde. Ní ọdún 2008, fóònù Android àkọ́kọ́ dé ọjà. Apple fi ètò tó ń darí iPhone mọ sínú fóònù tirẹ̀ nìkan. Google gba ọ̀nà mìíràn. Ó fi Android fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ṣe fóònù, lọ́fẹ̀ẹ́. Samsung gbà á. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ mìíràn náà gbà á. Èyí wà lára ohun tó mú kí fóònù ìgbàlódé di ohun tí ẹni tí kò lówó púpọ̀ náà lè rà. Oore ni, kò yẹ ká sẹ́ ẹ. Android ló ń darí ọ̀pọ̀ fóònù ìgbàlódé tó wà lọ́wọ́ wa ní Bẹ̀nẹ̀ àti ní Tógò.

Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Àdéhùn wà nídìí ọ̀fẹ́ náà. Àwọn tó ń wádìí ọ̀rọ̀ yìí ní Yúróòpù tọ́ka sí mẹ́ta.

Àdéhùn kìíní dá lórí Play Store. Play Store ni ìsọ̀ tí a ti ń mú áàpù tuntun wọ inú fóònù. Àwọn tó ń ṣe fóònù mọ̀ pé àwọn oníbàárà ń retí rẹ̀. Google sọ fún wọn pé: bí ẹ bá fẹ́ Play Store, ẹ gbọ́dọ̀ fi áàpù ìwádìí Google àti aṣàwákiri Chrome sínú fóònù pẹ̀lú.

Àdéhùn kejì jẹ́ ti owó. Google san owó fún àwọn kan lára àwọn tó ń ṣe fóònù àti àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù, kí wọ́n má bàa fi áàpù ìwádìí ẹlòmíràn sínú fóònù wọn.

Àdéhùn kẹta ni pé ẹni tó bá fẹ́ fi áàpù Google sínú fóònù rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ta fóònù kankan tó ń lo Android tí ẹlòmíràn tún ṣe, tí Google kò fọwọ́ sí.

Ẹ padà wo ọlọ́jà tó ń ta iyọ̀. Ìsọ̀ ọ̀fẹ́ ló fi fúnni. Iwájú ìsọ̀ ló gbà.

Ìdájọ́ Yúróòpù ní ọdún 2018

Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, Ìgbìmọ̀ Yúróòpù, tó wà ní ìlú Brussels, bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lórí Android. Margrethe Vestager, obìnrin ará Dẹ́nímáàkì, ló ń bójú tó ọ̀rọ̀ ọjà nínú Ìgbìmọ̀ náà nígbà yẹn. Ní ọjọ́ 18 oṣù keje ọdún 2018, wọ́n bu owó ìtanràn bílíọ̀nù 4.34 yúrò lé Google. Iye náà jẹ́ nǹkan bí bílíọ̀nù 2,847 fráǹkì CFA.

Google ní òun kò de ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ áàpù mìíràn lè mú un láìpẹ́ láìjìnnà. Ìgbìmọ̀ fi iye kan dá a lóhùn. Ní ọdún 2016, lórí fóònù Android tí áàpù Google ti wà látilẹ̀, ìbéèrè tó lé ní 95 nínú 100 ló gba ọ̀dọ̀ Google. Lórí fóònù tí Windows ń darí, níbi tí áàpù Google kò ti bá fóònù wá, kò tó 25 nínú 100. Níbẹ̀, èyí tó ju 75 lọ gba ọ̀dọ̀ Bing, ẹ̀rọ ìwádìí ti Microsoft, tó bá fóònù náà wá.

Ẹ ka iye náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Lórí fóònù méjèèjì, kò sí ẹni tí wọ́n fi agbára mú. Lórí méjèèjì, ènìyàn lè yí áàpù padà. Síbẹ̀, ohun tí wọ́n bá nínú fóònù ni ọ̀pọ̀ jù lọ ń lò.

Lẹ́yìn ìdájọ́ náà, Google bẹ̀rẹ̀ sí fi ojú ewé kan han àwọn ará Yúróòpù tó bá ra fóònù Android tuntun, kí wọ́n lè yan ẹ̀rọ ìwádìí. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2020, gbàǹjo ni Google fi àyè ojú ewé náà ṣe. Ilé-iṣẹ́ tó bá dá owó tó pọ̀ jù ni orúkọ rẹ̀ ń jáde pẹ̀lú ti Google. Àwọn kéékèèké fárí gá. DuckDuckGo wà lára wọn. Ní ọdún 2021, Google jáwọ́ nínú gbàǹjo náà, àyè sì di ọ̀fẹ́.

Google gbé ẹjọ́ náà lọ sí ilé ẹjọ́ Yúróòpù ní Luxembourg. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, àwọn adájọ́ ibẹ̀ gbe Ìgbìmọ̀ lẹ́yìn nínú èyí tó pọ̀ jù, ṣùgbọ́n wọ́n dín owó ìtanràn kù sí bílíọ̀nù 4.125 yúrò. Google tún pẹjọ́ sí ilé ẹjọ́ tó ga jù.

Yúróòpù tún ṣe òfin tuntun. Láti oṣù kẹta ọdún 2024, òfin náà ti mú àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá ní dandan láti jẹ́ kí ènìyàn yan. Apple náà wà lára wọn. Àwọn tó ń lo iPhone ní Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ sí rí ojú ewé tí wọ́n ti ń yan aṣàwákiri.

Ní àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn

Ní Rọ́ṣíà, ilé-iṣẹ́ ìwádìí ibẹ̀ tó ń jẹ́ Yandex fi ẹjọ́ Google sùn ní ọdún 2015. Ní ọdún 2017, Google gbà láti san owó ìtanràn, kí àwọn oní-fóònù Android níbẹ̀ sì lè yan ẹ̀rọ ìwádìí tó wù wọ́n. Ní Íńdíà, ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, àwọn tó ń ṣọ́ ọjà bu owó ìtanràn tó lé ní bílíọ̀nù 13 rúpì lé Google lórí ọ̀rọ̀ Android.

Ní Amẹ́ríkà, ìjọba gbé Google lọ sí ilé ẹjọ́ ní oṣù kẹwàá ọdún 2020. Adájọ́ Amit Mehta ló gbọ́ ẹjọ́ náà ní Washington. Níbẹ̀ ni àṣírí owó ti tú. Ní ọdún 2021 nìkan, Google san bílíọ̀nù 26.3 dọ́là fún àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn, kí ẹ̀rọ ìwádìí rẹ̀ lè jẹ́ ti àkọ́kọ́ nínú fóònù àti aṣàwákiri wọn. Ní ọdún 2022, Apple nìkan gba nǹkan bí bílíọ̀nù 20 dọ́là.

Ẹ jẹ́ ká ronú sí i. Bó bá jẹ́ pé ó rọrùn fún gbogbo ènìyàn láti yí áàpù padà, kí ló dé tí ilé-iṣẹ́ fi ń san owó tó tó báyìí kó lè wà níwájú? Kò sí oníṣòwò tó ń sanwó fún ohun tí kò níye lórí.

Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹjọ ọdún 2024, adájọ́ náà sọ pé Google ti rú òfin láti lè máa dá ọjà ìwádìí jẹ. Ìjọba bẹ̀ ẹ́ pé kó mú kí Google ta Chrome. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, ó kọ̀. Ó gbà kí Google máa sanwó fún àyè, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ ṣe àdéhùn tó ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹlòmíràn mọ́. Ó sì pàṣẹ pé kó pín díẹ̀ nínú ohun tó ti kó jọ pẹ̀lú àwọn tó ń bá a díje.

Ọ̀rọ̀ ẹnìkejì

Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Google náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀, ó sì yẹ ká gbọ́ ọ. Ó ní owó ìpolówó ni òun fi ń bọ́ Android. Bí wọ́n bá gba iwájú ìsọ̀ lọ́wọ́ òun, ta ni yóò san owó iṣẹ́ náà? Ó tún ní àwọn ènìyàn ń lo òun nítorí pé iṣẹ́ òun dára.

Ẹ̀rí díẹ̀ wà fún ọ̀rọ̀ yìí. Ní òpin ọdún 2014, aṣàwákiri Firefox fi Yahoo rọ́pò Google fún àwọn ará Amẹ́ríkà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ọwọ́ ara wọn dá a padà sí Google. Ní ọdún 2017, Firefox fúnra rẹ̀ padà sọ́dọ̀ Google.

Ohun kan sì tún wà. Bí fóònù tuntun bá ṣófo pátápátá, yóò ni ènìyàn lára láti bẹ̀rẹ̀, pàápàá ẹni tí kò tíì mọ̀wé kà dáadáa. Áàpù tó bá fóònù wá ń ran irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Kò burú kí áàpù bá fóònù wá. Ohun tí àwọn adájọ́ kọ̀ ni àdéhùn tí kò jẹ́ kí ẹlòmíràn ráyè dúró síbẹ̀.

Èyí tó kàn wá

Àwọn òfin tí a ti ń sọ láti òkè wá, ibi tí wọ́n ti ṣe wọ́n ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Ojú ewé tí wọ́n ní kí ilé-iṣẹ́ fi han ará Paris tàbí ará Berlin, òfin yẹn kò sọ pé kí wọ́n fi han ará Pobẹ̀ tàbí ará Kútọnu. Ẹni tó bá fẹ́ yan níbí, òun fúnra rẹ̀ ni yóò wá ibi tí wọ́n ti ń yan.

Ibẹ̀ kò farasin. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù Android tó ń sọ èdè Faransé, ẹ ṣí ibi tí wọ́n kọ «Paramètres» sí. Ẹ wá «Applications». Níbẹ̀, ẹ ó rí «Applications par défaut». Ìtumọ̀ rẹ̀ ni áàpù tí fóònù ń lò bí ẹ kò bá yan òmíràn. Ẹ ó rí èyí tó ń ṣí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tó ń pe ènìyàn, àti èyí tó ń gba ìfiránṣẹ́. Ẹ lè fi ọwọ́ kan ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ẹ wo bóyá òmíràn wà. Bí ohun tó wà níbẹ̀ bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ fi í sílẹ̀. Fífi í sílẹ̀ pẹ̀lú ìmọ̀ náà, yíyàn ni. Ẹ kàn má pa áàpù tí ẹ kò mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Ẹ rántí iye ọdún 2016 yẹn. Ìbéèrè 95 nínú 100. Nínú àwọn tó béèrè, àwọn kan yan Google nítorí pé wọ́n fẹ́ ẹ. Ó ṣeé ṣe kí àwọn mìíràn má mọ̀ pé ohun kan wà láti yàn. Ẹni tó lè ka àwọn ọ̀rọ̀ mẹ́ta tó wà ní «Applications par défaut» ti kúrò lára àwọn tí kò mọ̀.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Kí ló dé tí ọlọ́jà inú àpẹẹrẹ wa fi ń fi ìsọ̀ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́? Ṣé irú rẹ̀ wà ní ọjà yín?

2. Kí ni iye ọdún 2016 fi hàn nípa áàpù tó bá fóònù wá?

3. Nínú fóònù yín, áàpù wo ni ẹ fi ọwọ́ ara yín yàn? Èwo ni ẹ bá níbẹ̀?